Ẹsẹ̀ iwájú wo ló yẹ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ ń tún kọ́?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lọ́rùn mi: "Mo ra Chevrolet 1951 kan. Ṣé kí n gé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dànù, kí n fi ti Mustang II, ọkọ̀ kékeré Ford kan, sí i?" Ìbéèrè lèmi náà máa ń fi dáhùn: kí ló ṣe èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni kì í rí èsì fún un, torí wọn ò tíì wa ọkọ̀ náà dé ìta ilé. Wọ́n ti rí ọkọ̀ ẹlòmíì tó rọ̀ mọ́lẹ̀ rẹ́gí, ọkàn wọn sì ti kúrò lára tiwọn.

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ra ẹsẹ̀ ni mo kọ èyí fún. Tí ẹ bá ti ra kíìtì (ẹsẹ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lódidi nínú páálí), ẹ fo lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa wíwọ̀n. Ohun tí mo ń pè ní ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ohun tó so ṣáásì pọ̀ mọ́ táyà iwájú: áàsùlù tàbí apá, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, àti àwọn ọ̀pá tí sìtíárì fi ń darí táyà.

## Kí ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yín báyìí?

Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ tan iná sí i. Àwọn píkọ́ọ̀pù tí ẹ́ńjìnì ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan wà ni mo ń bá wí níbí.

- Chevrolet àti GMC, 1947 sí 1959: áàsùlù gbọọrọ kan ṣoṣo láti táyà dé táyà, lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn.
- Ford F-1 (1948 sí 1952) àti F-100 títí dé 1964: bákan náà.
- Ford F-100 láti 1965: Twin I-Beam, ìyẹn áàsùlù méjì, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sípíríǹgì lílọ́.
- Chevrolet C10, 1960 sí 1962: apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, àmọ́ ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì.
- Chevrolet C10, 1963 sí 1972: apá òkè, apá ìsàlẹ̀, sípíríǹgì lílọ́.

Ẹni tó bá ní C10 láti 1963 sókè, ẹ má gé ohunkóhun. Ohun tí àwọn yòókù ń fi owó ńlá wá ti wà lábẹ́ ọkọ̀ yín láti ilé iṣẹ́. Bọ́ọ̀ṣì tuntun, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun, sípíríǹgì tó kúrú díẹ̀, ó parí. Bíréèkì onídísìkì dé sí iwájú C10 ní 1971, ẹ̀yà 1971 àti 1972 sì wọ ti 1967 sí 1970. Ẹ kàn rántí pé ihò nọ́ọ̀tì rímù yóò di 5 níwájú nígbà tó ṣì jẹ́ 6 lẹ́yìn, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn náà.

Àwa tó kù ni ọ̀rọ̀ kàn.

## Ìdánwò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú gígé

Orúkọ burúkú ti bá áàsùlù gbọọrọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó ti lo ọgọ́ta ọdún láìsí ẹni tó fi gíríìsì sí i, tí táyà rẹ̀ sì ti gbẹ bí igi, kò lè lọ tààrà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó yà á.

1. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ fi sítáǹdì sábẹ́ áàsùlù. Jáàkì nìkan kò tó o.
2. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Tó bá dúró, bẹ́ríǹ ló tú. Tí kò bá dúró, kíńpìnnì, ìyẹn irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ti jẹ.
3. Ẹ di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ mì ín báyìí náà. Mímì níbí ń tọ́ka sí orí táírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sìtíárì fi ń darí táyà.
4. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnì kan máa yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń wo apá irin tó jáde láti inú àpótí sìtíárì. Tí ìtọ́kọ̀ bá rìn bí ìka méjì tàbí mẹ́ta kí apá yẹn tó mira, àpótí ti jẹ.
5. Ẹ wo ìsokọ́ sípíríǹgì àti bọ́ọ̀ṣì inú wọn. Ẹ wò ó bóyá ìpata ti lẹ awẹ́ sípíríǹgì pọ̀ mọ́ra. Sípíríǹgì tó bá ti lẹ̀ pọ̀ ń ta ọkọ̀ sókè bí ẹṣin.
6. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Tí kì í bá ṣe radial, irú táyà òde òní, gbogbo ipa táyà ọkọ̀ ńlá tó wà lójú títì ni yóò máa tẹ̀ lé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra kíìtì, ó ti wà nínú páálí, kí n tó rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ ká ṣe ìdánwò yìí lára F-100 rẹ̀. Kíńpìnnì méjèèjì ti jẹ, ìsokọ́ kan ti já. A pààrọ̀ wọn, a fi radial sí i, a fi ègé irin oníwẹ́ẹ̀jì sí àárín áàsùlù àti sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè máa dá padà sójú ọ̀nà lẹ́yìn kọ́ńà. Ó ta kíìtì yẹn. N kò sọ pé bó ṣe máa rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, kò sì ba ṣáásì jẹ́.

## Ìbéèrè márùn-ún kí owó tó jáde

1. Kí lẹ máa fi ọkọ̀ ṣe? Ẹrù gbígbé, ìrìn ọ̀nà jíjìn lójú títì ńlá, tàbí àfihàn ní òpin ọ̀sẹ̀? Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ́ńjìnì wo ni? Ìwúwo rẹ̀ ló ń sọ irú sípíríǹgì. Abọ́ ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bóyá yóò kọ lu irin ìdábùú, ìyẹn irin tó dábùú láti ẹsẹ̀ ṣáásì kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èkejì yìí.
3. Rímù wo ló wù yín? Ẹ yàn án kí ẹ tó yan ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ń yàn án, ìdí nìyẹn tí táyà wọn fi ń ha fẹ́ńdà.
4. Báwo ni kó ṣe lọ sílẹ̀ tó?
5. Ta ló máa jó irin? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "èmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ," ẹ fi ohun mìíràn kọ́ ọ. Ẹ wá ajórin tó ti jó ṣáásì rí.

## Ọ̀nà tó wà

### Kí áàsùlù gbọọrọ dúró

Èyí ló rọrùn jù, òun náà ló sì dára jù fún ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé ẹrù. Áàsùlù tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ méjèèjì sókè wà, èyí tó ń mú iwájú lọ sílẹ̀ ní ínṣì 3 tàbí 4 láìfọwọ́ kan sípíríǹgì. Kíìtì bíréèkì onídísìkì wà fún un. Àpótí sìtíárì tó ní ìrànwọ́ pọ́ńpù náà ṣeé dè mọ́ ọn.

Àbùkù rẹ̀: tí táyà kan bá já sí kòtò, èkejì gbọ́ ọ. Kò sì lè lọ sílẹ̀ títí, torí áàsùlù yóò pàdé abọ́ ọ́ìlì. Ẹ má sì yọ awẹ́ sípíríǹgì kan lẹ́yìn èkejì nítorí kó lè rọ̀. Ọkọ̀ á rọ̀ lóòótọ́, á sì máa forí gbálẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

### Mustang II

Láti abẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí Ford ṣe ní 1974 sí 1978 ni ètò yìí ti wá. Ìdí tí gbogbo ayé fi ń lò ó kò ṣòro: irin ìdábùú rẹ̀ kéré, ráàkì sìtíárì (ọ̀pá eléyín tí ìtọ́kọ̀ ń tì sọ́tùn-ún sósì) wà níwájú rẹ̀, sípíríǹgì lílọ́ wà láàárín apá méjì, ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀ níta. Tí wọ́n bá fi í sí i dáadáa, píkọ́ọ̀pù 1950 á máa lọ bí ọkọ̀ kékeré.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ lajú rèé. Orúkọ lásán ni "Mustang II" lónìí. Ohun tó wà nínú páálí kì í ṣe ti Ford mọ́, olúkúlùkù olùṣe ló ní tirẹ̀, dídára wọn kò sì dọ́gba. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

- Apá ìsàlẹ̀. Ti Ford tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pá kan ló sì fà á mọ́ ṣáásì kó má baà rìn síwá sẹ́yìn. Tí kíìtì bá yọ ọ̀pá yẹn kúrò, apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fẹ̀, tó jókòó síbi méjì tó jìnnà síra. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ wọlé yín.
- Ráàkì. Àwọn kan ń fẹ irin ìdábùú lójú kí táyà lè jáde síta, àmọ́ ráàkì àtijọ́ ni wọ́n fi sí i. Orí ráàkì níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ibi tí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ṣáásì. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nígbàkúùgbà tí táyà bá fò lórí gegele ni ọkọ̀ á dá yí ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ yí ìtọ́kọ̀. Aláíńmẹ̀ntì kankan kò lè wo àrùn yẹn sàn.
- Bíréèkì. Dísìkì ti ọkọ̀ kékeré yẹn kéré jù fún píkọ́ọ̀pù. Ẹ mú ti ínṣì 11, ó kéré tán.
- Abọ́ ọ́ìlì. Níwọ̀n bí ráàkì ti wà níwájú, abọ́ tí kòtò rẹ̀ wà lẹ́yìn ló máa ń bá a mu. Ẹ́ńjìnì V8 kékeré ti ọkọ̀ Chevrolet sábà máa ń ní irú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Ford 302 tí kòtò abọ́ rẹ̀ wà níwájú yóò fẹ́ abọ́ mìíràn.

Fún ẹ́ńjìnì ńlá onírin wúwo tàbí ọkọ̀ tó máa fa tírélà, èmi kì í fi í ṣe àkọ́kọ́.

### Crown Victoria

Láti ọdún 2003 títí tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2011, gbogbo ẹsẹ̀ iwájú Ford Crown Victoria jókòó sórí irin ìdábùú alumíníọ̀mù kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ṣáásì. Ẹ lè tú u sọ̀ lódidi: ráàkì, apá, bíréèkì ńlá, ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì yí ká. Lincoln Town Car àti Mercury Grand Marquis ọdún yẹn ní irú rẹ̀. Ọkọ̀ wúwo ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ẹ́ńjìnì ńlá kò ṣe é ní nǹkan kan.

Wàhálà rẹ̀ ni fífẹ̀. F-100 láti 1957 sókè gbà á dáadáa, àmọ́ nínú fẹ́ńdà tóóró, rímù tó wọnú púpọ̀ nìkan ló lè gba táyà mọ́ra, ojú rímù bẹ́ẹ̀ sì máa ń pẹlẹbẹ. Àwọn kan kórìíra ìrísí yẹn. Ẹ rántí pé alumíníọ̀mù kò ṣeé jó mọ́ irin: ẹ máa jó pátákó irin mọ́ ṣáásì, ẹ ó wá fi bóòtù dè é.

### Iwájú ọkọ̀ mìíràn, tàbí ṣáásì odidi

Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń gé iwájú ṣáásì Camaro 1970 sí 1981, wọ́n á jó o mọ́ ti píkọ́ọ̀pù. Ọwọ́ ẹni tó jó o ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe báyìí fún, ẹ ha ọ̀dà ibi tí irin méjèèjì ti pàdé kúrò, ẹ wò ó dáadáa. Tí wọn ò bá gbà kí ẹ ha á, ẹ máa lọ.

Ṣáásì Chevrolet S10 ńkọ́? Ó tóóró, nítorí náà fẹ́ńdà 1947 sí 1953 gbà á. S10 oníbẹ́ẹ̀dì gígùn ní ínṣì 117.9 láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Chevrolet 3100 ní 116. Ó súnmọ́ra, ṣùgbọ́n kò dọ́gba: ẹ ó gé e, tàbí kí táyà má dọ́gba pẹ̀lú ojú fẹ́ńdà. Ìdè kábíìnì, ti rẹdiétọ̀, ti bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn lẹ máa fọwọ́ ṣe. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọ̀nà àbùjá. N kò tíì rí ibi tó ti bù já.

### Sípíríǹgì tàbí àpò afẹ́fẹ́?

Tí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ pátápátá níbi àfihàn, ẹ fi sípíríǹgì sí i. Àpò afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tánkì, páìpù àti wáyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọjọ́ tí yóò jò. Ẹni tó bá yàn án, kó rí i pé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá, táyà ṣì lè yí, àpò kò sì fara kan irin kankan.

## Wíwọ̀n: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí bó ṣe máa ga àti bó ṣe máa dẹ̀ síwájú nígbà tó bá parí.
2. Ẹ wọ̀n láti etí inú fẹ́ńdà kan dé ìkejì, ní gíga tí orí táyà máa wà.
3. Ẹ béèrè ìwọ̀n kíìtì láti ojú họ́ọ̀bù kan sí èkejì, pẹ̀lú dísìkì lórí rẹ̀. Ti Mustang II gan-an jẹ́ nǹkan bí ínṣì 56.5, àmọ́ àwọn kíìtì bíréèkì kan ń ti rímù síta sí i.
4. Ẹ ṣírò rímù àti táyà.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Rímù tí wọ́n ń pè ní ínṣì 7 jẹ́ nǹkan bí 8 láti etí dé etí. Tó bá jẹ́ pé 4 nínú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ojú họ́ọ̀bù, 4 yòókù ló yọ síta. Táyà á tún wú kọjá etí rímù ní nǹkan bí 0.25. Ìyẹn 4.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 8.5 lápapọ̀. Ẹ ro ó mọ́ 56.5, ó di 65. Tí àárín etí fẹ́ńdà méjèèjì bá jẹ́ 67, ínṣì 1 péré ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tó nígbà tí táyà bá dojú kọ iwájú. Ẹ yí ìtọ́kọ̀ dé òpin nínú ọkọ̀ tó ti rọ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé kò tó. Rímù tó wọnú sí i ní ìdajì ínṣì ló máa yanjú rẹ̀, ẹ kàn wò ó kó má lọ kan orí táírọ́ọ̀dù lẹ́yìn.

## Nígbà tó bá kan gígé

Ìkìlọ̀ kí iná ìjórin tó tàn:

- Tánkì epo ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ìgbà náà wà nínú kábíìnì, lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ gbé e jáde kúrò níbi iṣẹ́ pátápátá.
- Ẹ tú bátìrì. Ẹ fi ohun èlò ìpaná sí ibi tí ọwọ́ tó.
- Ẹ má fi ọṣẹ fífọ́n tó ní chlorine fọ irin tí ẹ máa jó. Tí iná ìjórin bá kàn án, ó lè di gáàsì phosgene, tó ń pani.
- Sípíríǹgì lílọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lágbára láti fọ́ egungun. Ẹ fi irinṣẹ́ ìtẹ̀ tó yẹ mú un, ẹ má dúró síwájú rẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ náà:

1. Ẹ gbé ṣáásì sórí sítáǹdì mẹ́rin, ní bó ṣe máa dẹ̀ síwájú gan-an.
2. Kí áàsùlù àtijọ́ tó kúrò, ẹ sàmì sí àárín rẹ̀ lára ṣáásì lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ fi okùn olójé sọ àmì náà kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdágún, láti àmì ọ̀tún iwájú sí ihò kan ní òsì ẹ̀yìn àti láti òsì iwájú sí ọ̀tún ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí kò ní ohun tó máa fi padà sílé mọ́.
3. Ẹ jó irin ìdúró díẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ ṣáásì méjèèjì kí wọ́n má baà súnmọ́ra tàbí jìnnà síra.
4. Ẹ gé ohun àtijọ́ kúrò. Ẹ fi pátákó irin bo ẹ̀gbẹ́ ṣáásì tó là sílẹ̀ níbi tí irin ìdábùú máa jókòó, kó di bí àpótí.
5. Ẹ lẹ irin ìdábùú mọ́ ọn ní ojúàmì kékeré nìkan. Ẹ wọ̀n. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí i, kódà kó jẹ́ karawun rẹ̀ lásán pẹ̀lú abọ́ ọ́ìlì. Ẹ gbé fẹ́ńdà sí i. Ẹ tún wọ̀n.
6. Ẹ wá jó o tán, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kí ooru má fa ṣáásì wọ́.
7. Ẹ to apá àti táírọ́ọ̀dù láìfi sípíríǹgì sí i. Ẹ gbé táyà sókè sódò láti òpin dé òpin, ẹ máa wo bóyá ó ń dá yí. Ní gíga tí ọkọ̀ máa fi rìn, apá ìsàlẹ̀ yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ.
8. Bíréèkì: ẹ fi mọ́sítà (pọ́ńpù tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ láti mú bíréèkì ṣiṣẹ́) onílé méjì rọ́pò onílé kan. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lábẹ́ pátákó ẹsẹ̀, níbi tó ti rẹlẹ̀ ju kálípà, irin tó ń fún dísìkì mọ́ra, lọ, ó nílò fáàfù tó ń dá ìfúnpá díẹ̀ dúró nínú páìpù: 2 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) fún dísìkì, 10 psi fún dúrọ́ọ̀mù.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n jó irin ìdábùú nígbà tí ṣáásì tẹ́jú, kí wọ́n wá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀yìn ṣe ga sí i ni ọ̀pá ìyípo táyà ń tẹ̀ síwájú, caster (bí orí ọ̀pá yẹn ṣe fẹ̀yìn tì) á sì ṣòfò, ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère. Èmi náà ti ṣe é rí, ìgbà tí mo wa ọkọ̀ náà dé títì ńlá ni mo tó mọ̀.

Òmíràn ni ríra sípíríǹgì nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì wọlé. Ọkọ̀ á ga bí àkàbà, wọ́n á gé sípíríǹgì. Ọjọ́ kejì ẹ́ńjìnì àti rẹdiétọ̀ á wọlé, ọkọ̀ á wá jókòó sílẹ̀. Ẹ dúró títí ìwúwo fi pé.

Àwọn kan sì ń fi bíréèkì onídísìkì síwájú láìfọwọ́ kan ìyókù. Bí fáàfù tó ń pín agbára bíréèkì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀yìn lè há kí iwájú tó dúró, pàápàá nínú píkọ́ọ̀pù tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo.

## Aláíńmẹ̀ntì àkọ́kọ́

Tí olùṣe kíìtì bá fún yín ní ìwọ̀n, ẹ tẹ̀ lé e. Tí kò bá fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí fún ráàkì tó ní ìrànwọ́ pọ́ńpù àti táyà radial:

- Caster, bí orí ọ̀pá ìyípo ṣe fẹ̀yìn tì: dígírì 3 sí 5 sẹ́yìn. Ráàkì tí kò ní pọ́ńpù kò ní fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ìtọ́kọ̀ má baà wúwo.
- Camber, bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú: 0 sí ìdajì dígírì.
- Toe, bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ: 1/16 sí 1/8 ínṣì.

Ẹ wà á bíi máìlì 100, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ padà, kí ẹ tún gbogbo bóòtù fún. Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀, nítorí náà ẹ tún ṣe aláíńmẹ̀ntì lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, kí ẹ pààrọ̀ táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan.